Ọlọ́wọ́ Méjì

"Ọmọ Bámiṣayé, rọra o. Kò sí epo nínú rẹ̀, kò lè gbé ọ lọ síbi kankan."

Zipporah rẹ́rìn-ín sí Àlájì Kàsímù tó sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti jókòó sórí ẹ̀rọ ìgékoríko náà, tó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá kan mú, tó fi ọwọ́ òsì di èkejì mú, tó ń wo ògiri iwájú bí ẹni pé pápá tútù yọ̀yọ̀ ló wà níbẹ̀. Àgbàlá Àlájì Kàsímù ni wọ́n wà, ní àdúgbò àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà. Ibẹ̀ ni Àlájì ti ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ tó kó wá láti Ìlọrin ti ń ṣe kí ó tó di olóògbé. Ẹ̀rọ ìgékoríko tí èèyàn ń jókòó wà méjì ló dé lọ́sẹ̀ náà, ọ̀kan ṣoṣo sì ni agbára bàbá Zipporah ká.

Èkíní jẹ́ katakata kékeré. Ó ní sítíárìn bíi ti mọ́tò, imú rẹ̀ gùn, ìkọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n lè fi fa ọmọlanke. Kò yá, kò sì lẹ́wà. Èkejì ni Zipporah jókòó lé yìí. Kò ní sítíárìn rárá. Ọ̀pá méjì ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọṣẹ́ Àlájì fi ń pè é ní ọlọ́wọ́ méjì. Bí èèyàn bá ti ọ̀pá kan síwájú, tó fa èkejì sẹ́yìn, ẹ̀rọ náà á yí lójú kan bí òkòtó.

Irú ẹ̀rọ yìí ti wu Zipporah tipẹ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tó ṣì wà ní kíláàsì kejì àgbà, ó rí ọ̀kan tó ń gé koríko ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí odò. Ó dúró sẹ́yìn ọgbà wáyà pẹ̀lú báàgì ìwé ní ẹ̀yìn, ó ń wo ọkùnrin tó ń wà á bó ṣe ń yípo àwọn òdòdó láìfọwọ́ kan ewé kan. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó rántí pé ó yẹ kóun ti délé. Láti ọjọ́ náà, kò sí fídíò ẹ̀rọ ọ̀hún tí kò tíì wò lórí fóònù. Bó bá ń ti ẹ̀rọ àtijọ́ ti bàbá rẹ̀ nínú oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára irin gbígbóná yẹn, ọkàn rẹ̀ á sì wà lórí ọlọ́wọ́ méjì.

Bámiṣayé bàbá rẹ̀, ọmọ Kàbbà, ti ń gé koríko kiri àwọn ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ ní Lọ́kọ́jà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ tì ló ń lò, òun ló sì ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó di pé kò lè dìde lórí ibùsùn láwọn àárọ̀ kan, ìyàwó rẹ̀ Rebecca ní àfi kó ra ẹ̀rọ àjókòówà, kí Zipporah, tó ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán tó ń retí ìwé ìgbàwọlé fásitì, máa bá a wà á. Iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn jù ni ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ganaja. Pápá méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú àwọn kíláàsì. Ti ìsàlẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí apá odò Ọya, gọ́tà jíjìn kan sì wà ní ìdí wáyà rẹ̀.

Bámiṣayé ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Kí abẹ tó kan ilẹ̀ tuntun, tàbí kí ẹ̀rọ tuntun tó dé ilẹ̀ àtijọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín láti igun dé igun lẹ́yìn òjò. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé àlùfáà koríko ni. Kò jẹ́ kó bí òun nínú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n fi aṣọ gbígbóná lé e ní ìbàdí. Ó pe Zipporah sọ́dọ̀.

"Nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń tì í, mo mọ bí mo ṣe ń di ara mi mú ní pápá ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ àjókòówà yàtọ̀. Lọ síbẹ̀ kí o dúró de òjò. Bí òjò bá dá, bọ́ bàtà, kí o rìn ín sókè sódò. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá dúró, ọlọ́wọ́ méjì ni ká rà, torí iṣẹ́ rẹ̀ yá. Bí ó bá ń yọ̀, katakata ni, bó ti wù kó burẹ́wà tó."

"Mo gbọ́, Dádì."

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Màrdíyà jọ lọ sí Ganaja. Màrdíyà jẹ́ ọmọ Àlájì Kàsímù, kíláàsì kan náà ni wọ́n sì jọ jáde. Oòrùn ń ta ganrínganrín. Láti ọjọ́ mẹ́ta, òjò kò rọ̀. Zipporah dúró ní ibi tí pápá òkè parí sí, ó ń wo ìsàlẹ̀.

"Kí lo ń dúró dè?" Màrdíyà bi í.

"Òjò."

"Òjò wo? Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Obajana lọ́la láti wá wo ẹ̀rọ méjèèjì. Mo gbọ́ tí Àlájì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bó o bá dúró de òjò, wọ́n á ti gbé ọlọ́wọ́ méjì rẹ lọ."

Zipporah yíjú kúrò ní pápá. Ó wo ojú ọ̀run, kò rí àwọ̀sánmà kankan.

"Ṣebí o mọ̀ pé òun lo fẹ́," ni Màrdíyà tún sọ. "Ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Sọ fún dádì rẹ pé o ti rìn ín. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Zipporah kò bọ́ bàtà. Kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn á máa yọ̀, torí ó ti rí bàbá rẹ̀ tó ń yọ̀ tó ń fẹ́ ṣubú níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹ̀rọ náà ti kún un dé ọ̀nà ọ̀fun, kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn mìíràn.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ béèrè. Ó dáhùn kíá, kó má baà rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo rìn ín, Dádì. Òjò rọ̀ díẹ̀ ní Ganaja lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ mi dúró."

Òjò Lọ́kọ́jà lè rọ̀ ní àdúgbò kan kó fo èkejì, nítorí náà Bámiṣayé kò ṣiyèméjì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ ni mo fi ń ríran báyìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Zipporah lọ́kàn, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé ọlọ́wọ́ méjì dé ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ kejì, ó gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin ará Obajana ló ra katakata.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e dùn bí oyin. Zipporah ń gé pápá òkè láàárín wákàtí kan, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń fi odidi ọjọ́ ṣe. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ á yọrí lójú fèrèsé láti wò ó. Bó bá dé ìdí igi máńgòrò, á ti ọ̀pá kan, á fa èkejì, ẹ̀rọ á yí ká igi náà wẹ́rẹ́. Bámiṣayé á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wò ó, ìdùnnú á hàn lójú rẹ̀. Pápá ìsàlẹ̀ nìkan ni Zipporah kò dé. Lọ́sẹ̀ yìí, á ní abẹ ti kú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ní epo kò tó.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ìyáàfin Deborah, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ránṣẹ́ sí i. Àwọn òbí ń bọ̀ wá kí ọmọ wọn ní Sátidé, pápá ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa gbé mọ́tò sí, koríko ibẹ̀ sì ti dé orúnkún. Bámiṣayé kò sí nítòsí, torí ìbàdí rẹ̀ tún ti dá a dúró sílé. Òjò ńlá sì ti rọ̀ láàárọ̀. Zipporah kò ní àwáwí mọ́.

Ó gé ìlà kan, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yí padà fún ìlà kejì, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ó fa ọ̀pá méjèèjì. Táyà ẹ̀yìn ń yí lórí koríko tútù lásán, kò di ilẹ̀ mú. Táyà kéékèèké méjì tó wà níwájú kò ní ohun tó ń darí wọn, ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ni wọ́n ń kọjú sí. Ẹ̀rọ náà sáré lọ sísàlẹ̀, Zipporah fò bọ́ sílẹ̀, ó ṣubú lé ọwọ́ òsì. Ó gbọ́ nígbà tí wáyà já, tí ẹ̀rọ sì forí sọ gọ́tà.

Nígbà tí wọ́n pe Bámiṣayé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé e wá. Ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó fi èkejì yẹ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wò. Ìyáàfin Deborah ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà pẹ̀lú ìbínú.

"Okun o, Màmá," ni Bámiṣayé kí i bí àwọn ará Kàbbà ṣe ń kíni.

"Okun, Bàbá Zipporah. Ta ló ní kí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ yìí wá síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ká ní ọmọ ọlọ́mọ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́?"

Bámiṣayé tẹrí ba. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo yàn án. Ó dà bíi pé òye iṣẹ́ yìí ti ń kúrò lórí mi."

Zipporah wo bàbá rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó tún gbà gbọ́ pé tirẹ̀ ni. Ìyẹn dùn ún ju ọwọ́ rẹ̀ tó ń wú lọ.

"Kì í ṣe bàbá mi, Mà," ni ó sọ. "Wọ́n ní kí n rin pápá yìí lẹ́yìn òjò kí á tó yan ẹ̀rọ. Mi ò rìn ín. Mo parọ́ fún wọn torí pé ọlọ́wọ́ méjì ló wù mí."

Ìyáàfin Deborah wo wáyà tó já. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì máa gé pápá òkè nìkan. Ẹlòmíràn ni òun máa gbé pápá ìsàlẹ̀ fún. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Zipporah kò tilẹ̀ pé oṣù kan.

Irin ìdí ẹ̀rọ náà ti tẹ̀. Àlájì Kàsímù gbà á padà ní ìdajì owó rẹ̀, àánú ló sì fi ṣe é. Eegun ọwọ́ Zipporah ti ṣẹ́, wọ́n sì fi símẹ́ńtì oníṣègùn dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń wo bàbá rẹ̀ tó tún padà sídìí ẹ̀rọ àtijọ́, tó ń tì í, tó ń dúró, tó ń mí gúlegúle, tó tún ń tì í.

Bámiṣayé kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí. Ohun tó yí padà ni pé bí iṣẹ́ tuntun bá yọjú, òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ wò ó. Bí Zipporah bá dìde láti lọ, á ní, "Jókòó, mò ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni Zipporah fi ń sunkún. Kò lálàá ẹ̀rọ kankan mọ́. Ohun tó ń wù ú báyìí ni kí bàbá òun tún rán òun níṣẹ́ kan ṣoṣo kó sì sùn fọkàn balẹ̀.

Ó di ìgbà òjò àkẹ́yìn kí wọ́n tó ránṣẹ́ láti ilé ìtura tuntun kan ní ẹsẹ̀ òkè Pátì. Iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n sì nílò rẹ̀ gidigidi. Lọ́jọ́ náà, Bámiṣayé gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta láti dìde, kò ṣeé ṣe. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Lọ, Zipporah."

Ọjọ́ méjì ni Zipporah fi ń lọ jókòó ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtura náà, tó ń retí òjò. Nígbà tí òjò rọ̀ tó dá, ó bọ́ bàtà, ó rin gbogbo ilẹ̀ náà. Ó ṣubú nígbà méjì. Ó padà sílé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan.

"Dádì, ilẹ̀ yẹn kò gbà wá. Ó ń yọ̀, òkúta sì pọ̀ nínú koríko rẹ̀. Bẹ́ẹ bá ti ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹ máa ṣubú. Mo mọ̀ pé a nílò iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Bámiṣayé kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀, ó pe onílé ìtura náà lójú ẹsẹ̀. "Okun o, sà. Ọmọ mi ti rìn ín. Ó ní kò ṣeé ṣe fún wa."

Zipporah bọ́ sẹ́yìnkùlé kí bàbá rẹ̀ má baà rí omi tó wà lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ti lọ, ebi ṣì lè pa wọ́n lóṣù náà, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn ju ọjọ́ tí wọ́n gbé ọlọ́wọ́ méjì délé. Ohun tó ń wu ọmọ èèyàn pọ̀, bí kò bá sì rí i rà lónìí, ó lè rí i rà lọ́la. Ṣùgbọ́n kí òbí gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ rẹ̀ gbọ́ láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àgbàlá tí wọ́n ti ń tà á.