Ajarat Kọ Bàbá Rẹ̀ Mọ́ Àwọn Òkú

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá rẹ ti kú."

Ajarat gbójú sókè. Ó rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa ni, nítorí ariwo àwọn alábàárù tó ń já tòmátì nínú ọkọ̀ akẹ́rù létí títì pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Ọláníyan akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Abẹ́ àtíbàbà páànù tí ó ti máa ń bá àwọn ará Kétu tẹ lẹ́tà ni àwọn méjèèjì jókòó sí, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sì wà lórí tábìlì láàárín wọn.

"Bọ̀dá Ọláníyan, bàbá mi ò kú. Wọ́n wà nílé."

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà nílé. Inú ìwé ni mo ní kí wọ́n ti kú." Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. "Wo ibí yìí. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan lowó yìí wà fún. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ. Tí o bá kọ Ìsẹ́yìn síbẹ̀, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni fọ́ọ̀mù rẹ máa sùn. Ṣùgbọ́n tí o bá jẹ́ ọmọ Sàká kan ní Ìkòsì tó ti kú, ta ni wọ́n máa pè wá bi léèrè? Òkú kì í jẹ́rìí."

Oṣù Keje ọdún 1974 ni. Ajarat ti yege ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta sì ti gbà á. Ìwé tí wọ́n kọ sí i kò fepo bọyọ̀: bí kò bá san owó rẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án tó dé ìdajì, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹta ni Àtàndá Sàká, bàbá rẹ̀, ti wà lórí ẹní. Bíríkìlà ni. Orí ilé alájà kan tó ń kọ́ fún olówó ló ti jábọ́, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Láti ìgbà náà, Hùmúàní ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé ró. Ọ̀dọ̀ àwọn alátòmátì ló ti ń báni ṣa èyí tó rọ̀ kúrò lára èyí tó le, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó bu èyí tó rọ̀ fún un pé kó lọ tà á jẹun.

Kì í ṣe pé bàbá kò wá ọ̀nà. Òun ló pe Ajarat sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀ nígbà tí èsì ìdánwò jáde.

"Ajara, a kì í wà l'Ékòó ká má nílé. Jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi n'Ísẹ́yìn, kí wọ́n bá wa gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn àgbà, ká fi fọ́ọ̀mù tiwa ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ tiwa wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe é. Ó ti gbọ́ ìtàn ọmọbìnrin kan tó kọ̀wé sí Ìbàdàn tí kò rí èsì fún ọdún méjì. Fọ́ọ̀mù Ìbàdàn wà nínú àpótí rẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Nígbà tó bá rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò lọ síwájú mọ́, tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ata rù ní Kétu, a yí ojú síbòmíràn. Ó ń rí ara rẹ̀ láàárín wọn.

Lábẹ́ àtíbàbà páànù náà, Ajarat gba bírò lọ́wọ́ Ọláníyan. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá bàbá wà láàyè, ó kọ ọ́ pé ó kú ní ọdún 1971. Yẹtí wúrà tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló bọ́ fún Ọláníyan, ìyẹn sì bá a wá ìwé tí ẹnì kan tẹ̀ka sí gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí rẹ̀ ní Ìkòsì.

Nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì kan ní Èkó. Orí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń dúró ló ti bá ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan pàdé, tí ó fún un ní gúgúrú àti ẹ̀pà nínú ìwé tí ó ká bí ìwo. Martha lorúkọ rẹ̀, Àgbòyí ló ti wá, lójú omi.

"Bàbá mi lọ dẹ àwọ̀n lọ́jọ́ tí omi kún," Martha wí. "Ọkọ̀ wọn la rí. A ò rí àwọn. Ìwọ ńkọ́?"

Ajarat ṣa ẹ̀pà kan nínú gúgúrú náà. "Bàbá tèmi náà ti kú."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kíkọ rẹ̀ kò wúwo tó sísọ rẹ̀. Martha rọra gbọ́wọ́ lé e ní itan.

Nígbà tí ó wọlé, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyáàfin Adébísí ló bi í ní ìbéèrè jù. Ó béèrè ohun tó pa bàbá rẹ̀.

"Orí ilé ni wọ́n ti jábọ́, mà," ni Ajarat wí. "Bíríkìlà ni wọ́n."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe omijé ẹ̀tàn. Ọ̀nà tí wọ́n fi pákó gbé bàbá rẹ̀ wálé lọ́jọ́ náà ló rí, tí ó ń ké bí ọmọdé. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn, àánú sì ṣe wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ gbórí sókè lórí ẹní. "Ṣé wọ́n bi ọ́ nípa mi?"

"Wọ́n bi mí, Bàbá."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní bíríkìlà ni yín."

Inú ọkùnrin náà dùn, ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé ọmọ òun kò fi iṣẹ́ òun pamọ́ níwájú àwọn alákọ̀wé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìwé dé pé Ajarat wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ìjọba ló ń ran àwọn tí orí wọn pé lọ́wọ́, láìka ìlú ẹni sí. Hùmúàní ká ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó jó láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Adébísí ní ìwà kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Ọláníyan. Àwọn ọmọ aláìní bàbá tí orúkọ wọn bá jáde, ó máa ń lọ kí ìyá wọn nílé, kó sì bá opó dárò. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó dé sí Kétu pẹ̀lú aṣọ àǹkárá kan lọ́wọ́, ó ń béèrè ilé opó Sàká.

Hùmúàní wà lọ́jà. Ajarat lọ pọnmi. Láti orí ẹní ni Àtàndá ti dá a lóhùn.

"Ẹ wọlé, mà. Ta lẹ ń wá?"

"Ìyá Ajarat ni, opó Sàká."

"Opó kẹ̀?" Ọkùnrin náà gbìyànjú láti dìde, ìrora dá a padà. "Èmi ni Sàká. Èmi ni bàbá Ajarat."

Báyìí ni Ajarat ṣe gbé garawa wọlé bá wọn. Nígbà tó rí ojú obìnrin náà, omi tó wà lórí rẹ̀ dà sí i lára, kò mọ̀. Ìyáàfin Adébísí kò pariwo. Ó yọ fọ́ọ̀mù jáde nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí i.

"Bàbá rẹ ní àwọn ò mọ̀wé. Ka ohun tí o kọ fún wọn. Máa túmọ̀ rẹ̀ bí o ṣe ń kà á."

Ajarat kà á. Nígbà tó dé ibi ọdún 1971, ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́. Obìnrin náà ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Àtàndá kọjú sí ògiri. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ àlejò ló darí rẹ̀ sí. "Ẹ má bínú, mà. Ìbàdí mi tó yẹ̀ yìí ló fà á. Ká ní mo ń ṣiṣẹ́ ni."

Ajarat wólẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi, mà! Tí ẹ bá yọ orúkọ mi, ó ti parí fún mi!"

"Tí n kò bá yọ ọ́, ó parí fún ẹlòmíràn," ni Ìyáàfin Adébísí dáhùn. Ojú òun náà ti pọ́n. "Ọmọbìnrin kan wà ní Àgbòyí tó jẹ́ pé òótọ́ ni bàbá tirẹ̀ kú. Àyè kan ló kù láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Omijé rẹ la fi gbé e fún ọ."

Ó gbé aṣọ àǹkárá náà, ó jáde.

Wọ́n yọ orúkọ Ajarat, wọ́n sì fi ti Martha rọ́pò rẹ̀. Ìbàdàn ti kásẹ̀ gbígba fọ́ọ̀mù nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Nígbà tí oṣù pé ìdajì, kọ́lẹ́ẹ̀jì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó sáré tọ Ọláníyan lọ, ìyẹn kò tilẹ̀ dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró. "Ṣé èmi ni mo di ọwọ́ ẹ mú nígbà tí o ń kọ ọ́ ni?"

Ìyá rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: "O pa ọkọ mi nítorí ìwé?" Lẹ́yìn náà ó gba ọjà lọ.

Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó dá a dúró.

"Irọ́ tí o pa mọ́ mi kọ́ ló dùn mí jù," ó wí. "O sọ fún mi pé o ní bíríkìlà ni mí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún fi ń yangàn fún àwọn ènìyàn."

Ajarat bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ọkùnrin náà kò ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ọwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti mú le, ó sì fi í síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ajarat wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbòyí, kò sí ẹni tó rán an. Ó bá Martha níbi tó ti ń di ẹrù ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Martha dúró pẹ̀lú aṣọ tí ó ń ká lọ́wọ́.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sunkún nígbà tí n kò rí orúkọ mi," ó wí. "Mo rò pé torí pé n kò mọ̀wé tó ni." Ó ki aṣọ náà bọ inú ẹrù rẹ̀. "N kò tíì lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n n kì bá tí mọ̀ láé ká ní o ò wá. Dìde nílẹ̀."

Ọdún méjì ni Ajarat fi ṣe olùkọ́ aláìníwèé-ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Ìkòsì. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ísẹ́yìn bí ó ti fẹ́ ṣe níṣàájú, Ajarat sì kọ̀wé sí Ìbàdàn. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sí àyè. Lọ́dún kejì, wọ́n fún un ní ìdajì owó náà. Òun àti ìyá rẹ̀ ló wá ìdajì kejì. Nígbà tó fi máa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, Martha ti ń múra àtijáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, àìní lè ká ènìyàn mọ́ kọ̀rọ̀ débi pé gbogbo ọ̀nà a dà bí ọ̀nà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Bí ènìyàn bá fi irọ́ gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹnì kan wà níbì kan tí yóò sunkún rẹ̀. Ẹni tó bá sì torí ìtìjú tàbí ìkánjú sẹ́ ará ilé rẹ̀, ojú ará ilé náà ló ṣì máa padà wá wò.