Ìwé Ìrora Khairiyyah

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ọdún 2024, Khairiyyah kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n bí mọ́ ọn ló pa á, kì í ṣe oògùn àwọn olùwádìí. Bàbá Mọ̀núrù, bàbá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ní Olówógbowó, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ọdún méjì ṣáájú ni àwọn dókítà ń wá ọmọ tí yóò bá wọn dán oògùn tuntun fún àrùn náà wò. Bàbá ti fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ó ti ń dìde.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Dókítà Tèmítọ́pẹ́ wí. "Ó ku ẹni tó ni ara." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Ṣé o fẹ́? Bó o bá kọ̀, a ò ní bínú; a ó ṣì máa tọ́jú rẹ."

"Mo fẹ́, mà."

Wọ́n fún un ní ìwé kan kí ó máa kọ bí ara rẹ̀ ti rí sínú rẹ̀ láràárọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ ń ro ó débi pé kò lè wọ bàtà. Bàbá ṣí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú ewé mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún: "Alhamdulillahi."

"Kí lo kọ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní bí àgbà bá béèrè àlàáfíà, a kì í ka àìsàn sílẹ̀ fún un. Bí mo bá sì ní ó ń dùn mí, wọ́n lè yọ mí kúrò."

"Àbí oògùn ti di ọkọ ẹ, tó o fi ń bo àṣírí ẹ̀?"

Khairiyyah rẹ́rìn-ín nínú ìrora.

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn dókítà yóò gba ìwé náà. Bàbá kò pàṣẹ. Ó gbé bírò pupa kan sílẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Khairiyyah mú bírò. Nígbà tó tiro dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní, "Mà, irọ́ ni mo kọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti fi pupa tún un kọ."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ìwọ̀n oògùn tí à ń fún ọ kò tó. Bí a bá gba irọ́ yẹn gbọ́, ìwọ̀n tí kò tó yìí náà la ó máa fún àwọn ọmọ mìíràn."

Wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́rin péré ló pa jẹ níléèwé. Bàbá ń rántí ọdún náà, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́: a kì í fi ọmọ dán oògùn wò láìbi í léèrè. Ọmọ tí a bá sì bi léèrè, kó má fi ìtìjú bo òótọ́.

Ohun tó fi sílẹ̀: bàtà iléèwé tí wọ́n rà ní Ìdúmọ̀tà, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ; híjáàbù méjì; tẹ̀súbáà kan; ìwé ìrora mẹ́rin lọ́wọ́ dókítà, òótọ́ ló kún inú wọn; àti bírò pupa kan tí Bàbá Mọ̀núrù kì í yá ẹnikẹ́ni.