Ọwọ́ Mọ̀ríámọ̀ Kò Tíì Kan Etí

Ìjà ni mo fi pàdé Mashood. Ẹ má bi mí ta ló jẹ̀bi. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Káfíńtà ni Mashood; mo ní kó gé pákó ìṣeré wẹ́wẹ́ fún mi, kó fá a kó dán, kó má baà gún àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bẹ́ńṣì mẹ́wàá ló kó dé.

"Ta ló bẹ̀ yín ní bẹ́ńṣì?"

"Àǹtí, mo rò pé ẹ ṣì í sọ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kì í ní bẹ́ńṣì?"

"Tèmi ni! Ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ló fẹ́ máa jókòó sí bẹ́ńṣì ṣe látàárọ̀? Ṣé mọ́tò ló ń dúró dè ni?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Inú túbọ̀ bí mi. Èmi Waliyat, ara mi kì í balẹ̀. Bí nǹkan bá ti wà lọ́kàn mi, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Mo là á yé e. Mo ti ṣe kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó kan tó ti Finland wá. Ó ní nílùú tòun, ọmọ kì í jókòó ti ìwé títí á fi pé ọdún méje. Eré ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: yanrìn, omi, igi, orin, ìtàn. Kò sí pàṣán. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, torí wọ́n nà mí nítorí ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré, àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi dòní.

Mashood kó bẹ́ńṣì rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé àpò pákó wẹ́wẹ́ dé, ó sì fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́.

"Ọmọ mi nìyí, Mọ̀ríámọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìyá rẹ̀ ti dolóògbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bá wọn ṣeré."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ Mashood ti kó sí mi lọ́kàn, mi ò ní purọ́.

Kò pẹ́ tí Mọ̀ríámọ̀ fi di ìyálọ́jà inú yanrìn. Á kó yanrìn jọ, á ní gàrí ni, á máa fi agolo wọ̀n ọ́n.

"Àǹtí, agolo kékeré mẹ́ta ló kún ńlá kan. Kí ló dé?"

Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Bàbá rẹ̀ náà, wíwá rẹ̀ kì í tán.

"Waliyat mi, mo ní kí n wá wo àwọn pákó yẹn."

"Pákó ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, olólùfẹ́ mi."

Ó wá ku kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i ká fẹ́ra. Ìyá Mashood ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó bá sì sọ nínú ẹbí wọn labẹ gé. Lọ́jọ́ tí Mashood mú mi lọ kí wọn, mo kúnlẹ̀, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa. Wọ́n wá pe ọmọ-ọmọ wọn.

"Ka A, B, C fún mi."

Mọ̀ríámọ̀ di àlùbọ́sà kan mú. "Màmá, kí ló dé tí àlùbọ́sà fi wọ aṣọ púpọ̀ báyìí?"

Ojú ìyá yí padà. "Háà! Ọmọ Adéjọkẹ́ tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń ka A dé Z! Olùkọ́ tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ sínú yanrìn, ṣé olùkọ́ nìyẹn? Mashood, gbọ́ mi. Bí ọmọ yìí ò bá mọ̀ ọ́n kà kó tó di Iléyá, màá mú un sọ́dọ̀, o ò sì gbọdọ̀ dárúkọ obìnrin yìí sí mi létí mọ́."

Mashood ní kí n má mikàn, pé ìyá òun á rọ̀. Ta ni ò ní mikàn? Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Mi ò rí oorun sùn. Bí mo bá ń wo àwọn ọmọ nínú yanrìn, ọjọ́ tó kù ni mò ń kà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo ṣe ohun tí mo ti búra pé mi ò ní ṣe láéláé. Bí àwọn tó kù ti ń ṣeré níta, mo mú Mọ̀ríámọ̀ wọ yàrá. Mo mú ẹgba tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání.

"A fọ ápù."

"Àǹtí, kí ni ápù?"

Mo fi ẹgba náà kàn án lọ́wọ́. "Sọ ọ́! A fọ ápù!"

Èmi alára ò jẹ ápù rí.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti mọ̀ ọ́n kà láti A dé Z. Kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Kò ta gàrí mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mashood wọlé bá wa. Mo na ọwọ́ kí n mú pákó kan nílẹ̀, Mọ̀ríámọ̀ sì yára fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sí abíyá. Mashood rí i. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí ẹgba.

"Waliyat, kí lèyí?"

"Nítorí tiwa ni. Kí ìyá ẹ lè gbà fún mi."

"Nítorí tiwa lo fi na ọmọ mi?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Obìnrin tó lé bẹ́ńṣì mi padà ni mo fẹ́ràn. Ìwọ yìí, mi ò mọ̀ ọ́."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n lọ ṣe ọdún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè pè é padà.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo wọ mọ́tò tẹ̀ lé wọn. Dírẹ́bà ń dúró kó èrò káàkiri. Bí mo ti yọ, Ìyá Mashood na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Ìyàwó mi! Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń kà á geere! Ó parí, mo ti gbà."

Mashood jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wolẹ̀. Kò tíì sọ fún wọn. Ohun tí mò ń wá rèé, ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni.

Mo kúnlẹ̀. "Mà, ẹgba ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ bi í léèrè ohun tí ápù jẹ́."

Wọ́n bi í. Ọwọ́ mi ni Mọ̀ríámọ̀ kọ́kọ́ wò. "Ápù ni A," ló wí.

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé, mà. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni nà án nítorí ìwé mọ́."

Ìyá fa ọmọ náà mọ́ra, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba àárín orí kọjá sí etí òsì, bí wọ́n ṣe máa ń wọ̀n wá láyé àtijọ́ kí wọ́n tó mú wa nílé-ìwé. Ìka rẹ̀ ò dé etí.

"Ọwọ́ ọmọ yìí ò tíì kan etí," ni wọ́n wí. "Láyé tiwa, bí ọwọ́ ọmọ ò bá tíì kan etí, tíṣà á ní kó padà lọ ṣeré ni. Wọ́n dá Mashood náà padà bẹ́ẹ̀ rí. Ta ló kó ìkánjú yìí ràn wá?" Wọ́n wò mí. "Èmi ò mọ̀ pé eré ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé. Ìwọ mọ̀ ọ́n, o sì tún nà án."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀."

Mo yíjú sí Mọ̀ríámọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó tún wò mí.

"Àǹtí, ẹgba yẹn ńkọ́?"

"Mo ti fi dáná."

"Ṣé ó jó dáadáa?"

Ìbéèrè! Ẹkún gbọ̀n mí. Mashood dìde ní kọ̀rọ̀ tó wà, ó wá kúnlẹ̀ tì mí.

Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n so yìgì wa ní Ọ̀yọ́, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ mi. Bẹ́ńṣì mẹ́wàá tí mo lé padà ni àwọn àlejò jókòó sí, inú yanrìn ni àwọn ọmọ wà. Àárín àdúrà ni Mọ̀ríámọ̀ sáré wá bá mi, yanrìn ti bo aṣọ ọdún rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ó ń nà án tagbáratagbára.

"Màámi, ẹ wò ó, ó ku ìka kan!"

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Má kánjú, ọmọ mi," ni mo sọ fún un, èmi tí ara mi kì í balẹ̀.