Ilẹ̀ Pákó Tó Ń Dán

Káfíńtà náà fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ gbọ̀ngàn ijó, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fi òòlù gbá òpó igi sábẹ́ pákó. Àyè ibẹ̀ kò gba ẹni tó fẹ́ jókòó. Ó fọwọ́ kan igi tó gbé ilẹ̀ ijó ró, ìka rẹ̀ sì rì wọnú rẹ̀ bí ẹni tẹ búrẹ́dì tí omi ti rin. Ikán ti jẹ ẹ́ tán.

Kì í ṣe ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló ti rí i, ṣùgbọ́n ó fi pákó tuntun bò ó, ó fá a, ó kùn ún ní fáníìṣì, ó sì sọ fún ẹni tó ni gbọ̀ngàn pé kò séwu. Dígí ni wọ́n ń pe káfíńtà náà, nítorí èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú ilẹ̀ tó bá kùn. Ó ti máa ń fọ́nnu pé ikán kò lè dé ibi tí òun bá ń tọ́jú. Kò fẹ́ kí orúkọ náà bàjẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó jẹ́ onígbàgbọ́, rí igi náà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òtítọ́. Dígí fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Pásítọ̀, ṣé o fẹ́ ri ikán náà bọmi ni?”

Ọ̀rẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín. “Dígí, ìwọ ni mò ń sọ. Òkè rẹ ń dán, inú rẹ ti jẹrà. Jésù lè tún un ṣe, àmọ́ o ní láti kọ́kọ́ ṣí i fún un.”

Dígí lé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ pé òun náà ń lọ sí ijó ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù bà á. Ìdí nìyẹn tó fi yọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀.

Lójijì ni gìtá dún lókè. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí àsìkò tó tó.

Gbọ̀ngàn náà ti pẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ jó níbẹ̀ láyé àtijọ́ di ara wọn mú ní méjì-méjì, wọ́n ń rọra yípo. Àwọn onífèrè dé lẹ́yìn wọn. Onígìtá lé onífèrè lọ. Sípíkà wá pọ̀ débi pé ògiri ń gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, ariwo wọn sì bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀ rí nínú wọn.

Lókè báyìí, ẹsẹ̀ ń gbá pákó. Eruku bọ́ sí i lójú. Ilẹ̀ náà tẹ̀, ó kan àyà rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó pariwo, orin bo ohùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lókè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kun ibojì tó wà lórí rẹ̀ yìí.

Ó ní, “Jésù, mo ti jẹrà. Mo parọ́. Má jẹ́ kí wọ́n kú nítorí mi. Gbà mí.”

Orin náà parí. Ẹsẹ̀ dúró. Pákó gbéra díẹ̀ lórí àyà rẹ̀, Dígí sì rákò jáde.

Nígbà tó gorí pèpéle olórin pẹ̀lú erùpẹ̀ lára, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn bi í bóyá eku ló lọ kí nílé. Dígí fi ẹnu òòlù ṣí pákó tuntun kan, ó bu igi abẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó fi hàn wọ́n.

“Ẹ má jó mọ́. Mo mọ̀, mo sì parọ́ fún yín. Ẹ rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde.”

Ẹ̀rín dá. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́, ó dé, ó bá a di pákó mú sẹ́nu ọ̀nà, Dígí sì fi ìṣó kan ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn pa. Lẹ́yìn náà ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Dígí àná kọ́ ló ń lọ yẹn.

Ilẹ̀ náà kò wó lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń dán.

Ìwọ tó ń ka èyí, tìrẹ náà kò tíì wó, ìyẹn lo ṣe rò pé ó dára. Ta ló mọ̀ bóyá orin tó ń dún yìí ni yóò fọ́ ọ? Má kun ún mọ́. Ṣí i fún Jésù lónìí, kí o sì jáde kó tó wó.