Ohun Tó Dá Ìyá Ẹja Dúró

Gíláàsì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló kọ́kọ́ wọlé, ẹsẹ̀ méjì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí gbogbo ibiṣẹ́ ń pè ní Ìyá Ẹja gbójú kúrò lára awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira! Òjìji yín ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ mi."

Agégíláàsì tó wá tún táńkì ẹja tó ń jò ṣe dúró gbọnin. Kí obìnrin náà tó parí ohun tó ń wò, òógùn ti bo ọkùnrin náà.

"Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú táńkì kejì."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gíláàsì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Obìnrin náà fi àwọn ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ hàn án, ara wọn mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí iṣan inú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí iṣan ṣe ń hù, tó ń so mọ́ra, títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n rìn. Láti ọjọ́ náà, àtèyí tó jò àtèyí tí kò jò, kò sí táńkì tí agégíláàsì kò wá yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ wọn di ti ìgbín àti ìkarahun.

Ìyá ọkùnrin náà, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ní kó mú olólùfẹ́ rẹ̀ wá jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ inú ẹyin kan bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Ìyá Ẹja ní òun á wò ó díẹ̀. Ìgbà tó máa gbójú sókè, oúnjẹ ti tutù, ìyá ti palẹ̀ àwo mọ́.

"Nítorí ẹja tí kò tó èékánná!" ni ìyá wí. "Wá ẹlòmíràn."

Ọkùnrin náà gbé ìbínú lọ bá Ìyá Ẹja. "O dójú tì mí níwájú ìyá mi!"

"Ìwọ náà ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀!"

Àgídí wọn kò jura lọ. Agégíláàsì ò wá mọ́, táńkì sì ń jò. Ó dun Ìyá Ẹja wọra, torí ọkùnrin yìí ló fẹ́, ó sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọrí sílé ìyá ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú, Màmá, mo jẹ̀bi. Ẹ kàn wá wo ohun tó dá mi dúró."

Màmá fajú ro tẹ̀ lé e dé ibiṣẹ́, ó dijú kan, ó fi ìkejì wo inú awò.

"Ó mì! Bí ọlẹ̀ ṣe ń sọ nínú aboyún gan-an nìyí!"

"Orí ẹ̀ ò tíì mọ̀ sí i, Màmá. Iṣan ẹ̀yìn ló ń dá a ṣe. Tọ̀tún ń fà, tòsì ń fà, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ó dìgbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá gbọ́ra wọn yé: bí tọ̀tún bá fà, kí tòsì dẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa tó lúwẹ̀ẹ́."

Màmá gbójú sókè.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, aboyún kan ń rọbí lọ́wọ́ mi. Mi ò débẹ̀. Àbúrò mi bá mi yan odì títí." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo mọ ohun tó dá ẹ dúró, ọmọ mi."

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. "Gbé gíláàsì ẹ máa bọ̀," ló fi parí ẹ̀. "Táńkì ìyàwó ẹ ń jò."

Agégíláàsì dé, ó gbé gíláàsì ti ògiri, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú.

"Ìyá Ẹja mi, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Bí mo bá fà, ṣé wàá dẹ̀?"

"Màá dẹ̀. Bí èmi náà bá fà ńkọ́?"

"Màá dẹ̀, olówó orí mi."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúró jẹ́ẹ́!" Màmá ti padà sídìí awò, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. "Òjìji yín ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ-ọmọ mi."