Òpó Alákìísà Pupa

Ojú Nathaniel kò kúrò lára agbọ̀n tí wọ́n ń gbé sọ̀ nínú ọkọ̀ Bọ̀dá Bádéjọ, aládùúgbò wọn. Ẹpìyà ńláńlá ló kún inú rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ló wà nínú agbọ̀n ìyá tirẹ̀. Abúlé kan náà létí ọ̀sà Ejinrin, omi kan náà, kí ló wá dé tó jẹ́ pé ilé Bádéjọ nìkan ni oore ń wọ̀? Ọ̀rọ̀ náà ká ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí lára gan-an.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan lábúlé náà ló ní ibi tí wọ́n ri ẹ̀ka igi sí nísàlẹ̀ omi kí ẹja lè máa sá wọbẹ̀. Òpó ọparun tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ lórí ni wọ́n fi ń pààlà rẹ̀. Àkísà yẹn náà ni ọlọ́kọ̀ tó ń kọjá máa ń wò kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà gun igi. Nathaniel mọ èyí dáadáa. Ìyá rẹ̀, opó tó ń dá gbọ́ bùkátà, ti sọ ọ́ títí pé kó yé wo ọwọ́ ẹlòmíràn, kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Ta ló ń gbọ́?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí gbogbo abúlé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wa ọkọ̀ kékeré lọ, ó fa òpó igun Bọ̀dá Bádéjọ tu, ó sì lọ rì í mọ́lẹ̀ níwájú, láàárín ààlà náà gan-an. Igun tí ẹja pọ̀ sí jù ti bọ́ síta ààlà báyìí. Tílẹ̀ bá mọ́, òun yóò da àwọ̀n síbẹ̀, ta ni yóò pe òun lólè? Bó ṣe ń padà bọ̀, omi náà dákẹ́ jù. Ó yára wa ọkọ̀ lọ sílé.

Kó tó jí, ìyá rẹ̀ ti gbéra lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́. Kùrukùru bo ọ̀sà mọ́lẹ̀. Nathaniel dúró létí omi, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń lọ. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn pé àkísà pupa yẹn ni ìyá òun náà ń wò.

"Màámi! Ẹ yà!"

Ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbọ́. Nǹkan kán gbàà nínú kùrukùru, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́.

Bọ̀dá Bádéjọ ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi. Òun ló gbé ìyá náà jáde, tí itan rẹ̀ ti kán, tí ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn rẹ̀ ya, ó fi di ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo omi, ó rí i pé òpó òun kò sí níbi tó máa ń wà.

"Nathaniel, ta ló yí òpó mi?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Ó lè parọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ la ojú, ó ń wò ó.

"Èmi ni, Bọ̀dá. Mo fẹ́ kí ẹja yín di tèmi."

Bọ̀dá Bádéjọ kò nà án. Ó ní kó gbá ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mú, kí àwọn tètè gbé e dé ọsibítù. Ọkọ̀ Bọ̀dá Bádéjọ náà ni wọ́n fi gbé e lọ.

Ìyá Nathaniel kò kú, àmọ́ ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní. Àràárọ̀ ni Nathaniel ń gbọ́ ọ̀pá náà lórí pákó ilé wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja aládùúgbò ni Nathaniel dẹ pàkúté fún, ìyá tó bí i ló kó sí i.