Ọwọ́ Ràdíátù

"Ẹ fọwọ́ bo imú o! Ìyá Ẹlẹ́ja ti dé!"

Bámiṣayọ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹja tútù ni ìyá Ràdíátù ń tà lọ́jà Kárù, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ́ tónítóní. Irọ́ burúkú ni Bámiṣayọ̀ ń pa, Ràdíátù sì kórìíra rẹ̀ dé egungun.

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú un gbórí sókè: kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹ́mísírì. Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá, olùkọ́ wọn, fọkàn tán tó fi gbé e lé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ ń kọ́ wọn nípa àmíìnì. "Ẹ yọ haidirójìn kan lára àmóníà, ẹ fi ẹ̀ka kábọ́ọ̀nù dí àyè rẹ̀, àmíìnì nìyẹn. Òun ló ń mú ẹja rùn. Ásíìdì a máa sọ ọ́ di iyọ̀, òórùn á sì lọ."

Ràdíátù rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́, tó ní ásíìdì nínú, ra ọwọ́ lẹ́yìn ọjà kí òórùn ẹja lè lọ. Èrò ìkà gbà á lọ́kàn, kò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ mọ́.

Nígbà ìsinmi, ó ṣí yàrá náà, ó gbé ìgò àmíìnì, ó sì dà á sínú àpò Bámiṣayọ̀, díẹ̀ sì ta sí i lọ́wọ́. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ọwọ́. Omi ẹ̀rọ kò yọ, nítorí náà kò ṣan án.

Kò pẹ́ tí òórùn fi gba kíláàsì. "Ìyá Ẹlẹ́ja ni!" ni Bámiṣayọ̀ figbe ta.

"Ẹ wá gbóòórùn ọwọ́ mi!" ni Ràdíátù fi dá a lóhùn. Ọsàn nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá wò ó títí. Ó gbé abọ́ omi àti ọṣẹ dúdú wá, ó ní kí gbogbo wọn fọwọ́. Bí ọṣẹ ṣe hó lọ́wọ́ Ràdíátù, òórùn ẹja bú jáde.

"Kai!" ni ẹnìkan ké.

"Eérú wà nínú ọṣẹ dúdú," ni olùkọ́ wí. "Ohun tí ásíìdì dè, eérú a máa tú u. Mo sọ ọ́ láàárọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojoojúmọ́ ló ń bú mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Bámiṣayọ̀ yóò jẹ ìyà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa mọ́ ọ títí di àná. Lónìí, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ sọ ọ́ di òótọ́. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ràdíátù fà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú omijé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ọ̀tá lè fi orúkọ burúkú pè wá. Ẹ má jẹ́ ká fi ìwà jẹ́ ẹ.